Gékúrú àti Ìran Kẹta

Àbúrò mi ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá kí i pé ṣé àlàáfíà ni, á ní, "Ó wà." Bí ẹ bá béèrè ìyàwó rẹ̀, "Ó wà." Bí ẹ bá béèrè pé ṣé ebi ń pa á, "Ó wà" náà ni. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bàbá wa máa ń jí gbogbo wa fún àdúrà òwúrọ̀, kálukú á sì gba tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá kan èmi, màá gbà á títí tí wọ́n á fi máa fi ìgbúnwọ́ gbún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá kan òun, á ní: "Olúwa, bíi ti àná. Àmín." Bàbá wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fẹ àdúrà náà lójú díẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì ó ní: "Olúwa, bíi ti àná, ẹ ṣé. Àmín." Mo gbà pé Ọlọ́run gbọ́ ọ, nítorí Ó ń gbọ́ tèmi náà, tèmi sì gùn.

Ta ló máa rò ó pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa wá fi ọ̀rọ̀ jẹun? Iṣẹ́ pátákó kíkọ ló kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹfun fa ìlà kí ọ̀dà tó kàn án, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti àárín kí ọ̀rọ̀ má baà já bọ́ ní etí pátákó. Bí ọ̀rọ̀ bá sì gùn ju pátákó lọ, ọ̀gá náà ní kí ó sọ lẹ́tà di wẹ́wẹ́. Àbúrò mi ò gbà. Ó ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ ò ní iyì, ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé. Aránṣọ kan gbé pátákó wá, ó ní kí ó kọ ọ́ pé òun ń rán aṣọ tọkùnrin tobìnrin, tàgbà tọmọdé, òun sì ń tún èyí tó ya ṣe ní ọ̀nà ìgbàlódé. Ohun tó bá lára pátákó rẹ̀ ni: ARÁNṢỌ. WỌLÉ. Aránṣọ náà bínú. Àwọn èèyàn sì ń wọlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Gékúrú.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan gbà á síṣẹ́. Wọ́n fún un ní yàrá kékeré lẹ́yìn ilé ìkàwé, níbi tí àwọn búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti ń dúró nínú agolo mílíìkì, orí wọn sókè bí akọrin tó ń retí ẹni tó máa darí wọn. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó sọ odidi gbólóhùn kan fún mi lórí rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Kò pẹ́ tó débẹ̀ ni àwọn aláṣẹ pinnu pé Yorùbá ni kí wọ́n fi kọ orúkọ gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ sára ilẹ̀kùn. Àwọn olùkọ́ ṣèpàdé, wọ́n jiyàn, wọ́n sì mú orúkọ jáde. Àwọn orúkọ náà gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Àbúrò mi wò wọ́n, ó rí i pé òun ò lè gé ohun tí kò bá yé òun, bí alápatà kan ò ṣe gbọdọ̀ kun ẹran tí kò mọ oríkèé rẹ̀. Ló bá ń kan ilẹ̀kùn kiri, ó ń bi àwọn olùkọ́ pé kí ni ọ̀rọ̀ wọn túmọ̀ sí, níbo ló ti ṣẹ̀ wá, èwo nínú rẹ̀ ni a sì lè gé tí ẹ̀jẹ̀ ò ní jáde.

Lẹ́yìn ìjọ́sìn ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń yà sílé mi. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, wọ́n ti tú ká, inú fóònù la ti ń ríra, nítorí náà mo máa ń ráyè gbọ́ ọ tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, èyí tí kì í sábà ní. Lọ́jọ́ kan ó dé, ó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ kan ń da òun láàmú, gbòǹgbò ni. Ó ní olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní gbòǹgbò ni èyí tó ń fa omi nílẹ̀ fún igi. Olùkọ́ ìṣirò ní kì í ṣe èyí nìkan, gbòǹgbò ni nọ́ńbà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ kí nọ́ńbà ńlá tó jáde. Onímọ̀ eyín ní eyín tí kò bá ní gbòǹgbò, èèyàn ó kàn sín ni, ó ti lọ. Olùkọ́ èdè wá ní ọ̀rọ̀ pàápàá ní gbòǹgbò, iṣẹ́ òun sì ni láti máa hú u.

Mo bi í pé kí ló rí sí i. Ó rò ó títí omi tí mo gbé síwájú rẹ̀ fi gbóná. Ó ní gbogbo wọn ló ń rán ọ̀rọ̀ kan náà níṣẹ́ bí ọmọ àkọ́bí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹlòmíì ti rán an kí òun tó pè é.

Èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí nílé wa, ó yé mi dáadáa.

Àṣìṣe tó kọ́kọ́ ṣe ò ti ara gígé wá, àmì ohùn ló fà á. Igi tó wà lókè ilẹ̀kùn olùkọ́ ìtàn sún mọ́ ibi tí lẹ́tà máa wà jù, kò sáyè fún ohun tí èèyàn lè gbé lé e lórí. Àbúrò mi bá fi àmì sílẹ̀, ó kọ IMỌ ITAN gbalaja. Ọ̀rọ̀ tí a ò bá sì fi àmì sí, ìhòòhò ló wà. Ẹni tó bá rí i ló máa yan aṣọ fún un. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan aṣọ kúkurú. Èyí tó wà lókè orúnkún ni wọ́n kà á sí. Olùkọ́ ìtàn, bàbá àgbà tó ti ń sọ nípa àwọn ọba àtijọ́ kí wọ́n tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àfi ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, tó bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Sà, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀ apá tí a máa fojú rí?"

Akọ̀wé Àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, obìnrin kan tó ń so ẹ̀wọ̀n mọ́ awò ojú rẹ̀, tó sì mọ àga tó yẹ kó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ránṣẹ́ pe Gékúrú. Ó ní àwọn ti fẹ́ ra ẹ̀rọ kan tó ń tẹ lẹ́tà tó bá wu èèyàn, kékeré ni, ńlá ni, kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì í gé ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mú ẹjọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ òun, yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé yẹn ni ẹ̀rọ náà máa gbé, kí Gékúrú náà yáa wá ibòmíì gbé búrọ́ọ̀ṣì lọ.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe irun ní ìta ilé wọn, ló wá sọ ọ́ fún mi, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní ibo ni ọkọ òun fẹ́ wọ̀? Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ń lo ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó ń pe ẹni tó ní búrọ́ọ̀ṣì mọ́, iṣẹ́ míì ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n bá a sọ̀rọ̀. Mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo ti gbọ́." Láti ọjọ́ náà, ó ń fi àmì sórí lẹ́tà bí ìyá tó ń dé fìlà fún ọmọ nígbà òtútù. Kò sí èyí tó ń fò mọ́.

Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí Onímọ̀ Adìẹ gbé iṣẹ́ wá. Olùkọ́ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, tó ti ń sin adìẹ fún ìwádìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì pọ̀. Bó bá ní òun fẹ́ ṣàlàyé ìwádìí náà fáráyé, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń wá, pẹ̀lú ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́, èyí tí kò sì lè lọ. Àkòrí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni Àyẹ̀wò Àwọ̀ Ìyẹ́ Lára Ìran Kẹta Àwọn Adìẹ Tí A Sìn Nínú Àgò. Pátákó ẹnu géètì ò sì ju ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Àbúrò mi kà á, ó gé e, ó fi àmì sí gbogbo ibi tí àmì gbọ́dọ̀ wà, ó wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: ÌRAN KẸTA. ỌJỌ́BỌ̀, ÌRỌ̀LẸ́. GBỌ̀NGÀN ŃLÁ.

Àmì ohùn pé pérépéré. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn. Ìran tí bàbá ń bí ọmọ tí ọmọ náà ń bí ọmọ, ìran tí wòlíì ń rí, àti ìran tí àwọn òṣèré fi ń pín eré, ohùn kan náà ni wọ́n ń ké. Àmì ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí èèyàn gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì ni Gékúrú ti gé.

Nínú ẹgbẹ́ àdúrà wa, a ní màmá kan tí à ń pè ní Màmá Aríran. Ó ti rí ìran kìíní, ó sọ ọ́ fún wa, a gbààwẹ̀ lé e lórí. Ó rí ìran kejì, a tún gbààwẹ̀. Ìran kẹta ló kù tí a ń retí, àwọn kan nínú wa sì ti ń gbàdúrà ní kọ̀rọ̀ pé kó má tètè dé, nítorí ààwẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, Màmá Aríran kọjá lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́ náà, ó rí pátákó. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ìyàwó míì láìsọ fún un. Ó ní ẹlòmíì ti rí ìran kẹta, wọ́n tiẹ̀ ti kọ ọ́ síta. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ lọ, kí a lọ dán ẹ̀mí náà wò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ, tìlù tìfọn kọ́ o, Bíbélì àti gèlè funfun ni. Nígbà tí a dé géètì ni mo tó fojú ara mi rí pátákó yẹn. Mo wo lẹ́tà K, mo rí bó ṣe na ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, mo sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ohun tí wọ́n gé kúrò ju ohun tó kù lọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Màmá Aríran ti dá orin, wọ́n ti wọlé.

A bá àwọn kan nínú gbọ̀ngàn. Akẹ́kọ̀ọ́ eré orí ìtàgé ni wọ́n. Olùkọ́ wọn rìnrìn àjò, ó sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wo pátákó, wọ́n á rí ọjọ́ tí wọ́n máa dán ìran kẹta eré wọn wò. Wọ́n ti rí i. Wọ́n wọ agbádá ọba, wọ́n mú idà onígi dání, ọ̀kan dé adé tí wọ́n fi páálí ṣe. Wọ́n jókòó sọ́wọ́ òsì, àwa jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n rò pé òǹwòran tí olùkọ́ wọn pè ni wá. Àwa náà rò pé bí ìjọ tiwọn ṣe ń múra nìyẹn.

Onímọ̀ Adìẹ wọlé, ó gbé àgò tó fi aṣọ bò lọ́wọ́. Ó rí wa, ó padà síta, ó lọ wo orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn, kó tó tún wọlé. Ó gun orí pèpéle, ó kí wa. A ní àmín.

Ó ní nínú ìran kìíní, pupa ni gbogbo wọn. Màmá Aríran mi orí, ó sọ sí mi létí pé ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ó ní nínú ìran kejì, funfun yọjú láàárín wọn. Obìnrin kan lẹ́yìn wa ní a ti wẹ̀ wọ́n mọ́. Onímọ̀ Adìẹ, tí ẹnì kankan ò fèsì sí rí látọjọ́ tó ti ń kọ́ni, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè. Ó ní funfun yẹn ò ti òde wá, inú pupa ló wà látilẹ̀, ó kàn fara pamọ́ ni. Apá ọ̀tún dìde dúró. Àwọn kan ti ń sunkún. Ọkùnrin náà yọ áńkáṣífù, òun náà nu ojú, ó wá ní, "Ẹ jẹ́ ká wá wo ìran kẹta."

Ohun tí ọba onípáálí ti ń retí nìyẹn. Ó dìde lápá òsì, ó fò sórí pèpéle pẹ̀lú idà, ó sì bú ramúramù pé, "Ta ló jókòó sórí àga mi?"

Onímọ̀ Adìẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àga kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, àpò rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ó ní kí ó má bínú, ó gbé àpò náà kúrò. Níbi tó ti ń gbé e ló ti fa aṣọ orí àgò, àkùkọ alámì tótòtó kan jáde, ó fò, ó bà sórí adé, ó sì fi èékánná ya á sí méjì kó tó kọ. Bó ṣe kọ tán la gbọ́ Màmá Aríran ketekete.

"Adìẹ?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Akọ̀wé Àgbà ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ká fìlà mọ́ ọwọ́, ojú rẹ̀ ti ṣá bí ọ̀dà tí wọ́n da kẹrosíìnì sí. Mo mọ̀ pé bí Màmá Aríran bá fi lè la ẹnu bínú, iṣẹ́ ti bọ́. Mo gbàdúrà, kò sì sáyè fún èyí tó gùn. Mo ní, Olúwa, bíi ti àná.

Màmá Aríran dìde. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì bi Onímọ̀ Adìẹ pé kí ló ń pè ní ìran. Ó ṣàlàyé fún un pé ọmọ, ọmọ ọmọ, àti ọmọ tí ìyẹn bí ni. Màmá wo àkùkọ náà.

"Olùkọ́," ó ní, "funfun tí ẹ ní ó fara pamọ́ yẹn, ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ sí èèyàn?"

Ó ní ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

"Ìyá mi ní èjí. Èmi ò ní. Ọmọ mi obìnrin ò ní. Ọmọ tó bí wá pààrọ̀ eyín láìpẹ́ yìí, èjí ìyá mi ló yọ. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí."

Onímọ̀ Adìẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó wá dúró níwájú rẹ̀. "Màmá, ojú yín ò ṣe yín. Ìran nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé ìran ni," Màmá Aríran ní. "Èmi ni mo rí i." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà á: òun, ọmọ òun, ọmọ ọmọ òun. Nígbà tó dé orí ìka tó gbẹ̀yìn, ó jókòó pẹ̀sẹ̀. "Ìran kẹta," ó sọ, bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ dé láyọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè ò jẹ́ kí ọkùnrin náà mí. Ìyá kan fẹ́ mọ ibi tí orí pípá ọkọ òun fara pamọ́ sí nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Ọba onípáálí fẹ́ mọ̀ bóyá adé náà máa ń fara pamọ́. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn lọ́wọ́ gan-an béèrè ọ̀rọ̀ kan.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ò lè ṣàì dé. Olùkọ́ eré ti ìrìn àjò dé, ó rí adé tó ya, ó sì lọ bá Akọ̀wé Àgbà. Nígbà tí wọ́n pe àbúrò mi, ó ti fọ gbogbo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó ti wé wọn sínú ìwé ìròyìn. Mo bá a dé ibẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ilẹ̀kùn ò sì pa dé tán. Akọ̀wé Àgbà ní òun kì í sọ̀rọ̀ kí òun yí i padà. Ó ní ẹ̀rọ ń bọ̀. Ó wá bi í pé kí ló ní í sọ.

Àbúrò mi dáhùn. "Pátákó kéré, mà," ó ní. "Èmi náà sì rò pé ìran kan ṣoṣo ló wà."

Mo gbọ́ tí ẹ̀wọ̀n awò ojú Akọ̀wé Àgbà ró, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ ọ lójú. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní òun gan-an, eré ni òun wá wò lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ti jìnnà kí òun tó mọ̀ pé adìẹ ni. Ó wá dá ẹjọ́ báyìí: kí ẹ̀rọ máa tẹ ìwé ìkéde, kí Gékúrú máa kọ ilẹ̀kùn àti pátákó géètì, nítorí ẹ̀rọ ò lè gun àkàbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kankan ò gbọdọ̀ jáde sí géètì mọ́ àfi tó bá ti bi àwọn tí iṣẹ́ wọn ò jọra pé kí ló yé wọn nínú rẹ̀.

Ìjìyà tó le jù nìyẹn fún ẹni tí "Ó wà" ti ń tó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wá ṣe irun.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó kan èmi. Ó ní olùkọ́ kan fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ti ara omi rí iná mànàmáná, òun sì ti gé e di AGBÁRA. Ó ní olùkọ́ ìṣirò ní nọ́ńbà kékeré tó ń gun èjìká òmíràn ni. Olùkọ́ ìṣèlú ní àga tí ẹni tó bá jókòó sí i kì í fẹ́ dìde ni. Ó ní èmi ńkọ́, tí mo bá rí i ní géètì?

Mo ní ìsọjí ni màá pè é, màá sì tètè dé kí n lè rí ìjókòó níwájú.

"Ẹ̀yin nìkan?"

Mo ní gbogbo ẹgbẹ́ ni.

Ó mí kanlẹ̀. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, ó nà án sí mi kí n wò ó: AGBÁRA INÁ. Mo wò ó. Mo rántí ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Mo ní ní ti eléyìí, a ó gbààwẹ̀ wá.

Ó dìde, ó dé fìlà rẹ̀, ó ní òun ń lọ wá pátákó tó tóbi.